Mo kọ́ single sign-on sórí láptọ́ọ̀pù kan: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ fún ẹni tó ń múra ìdánwò ìwé-ẹ̀rí

Ẹni tó bá ń kàwé fún Security+ ti CompTIA, ìdánwò lórí ààbò kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà SY0-701, yóò bá ìlà kan pàdé ní abala 4.6 ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀: single sign-on, ìyẹn wíwọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí gbogbo áàpù tó kù ṣí, tí wọ́n to ìlànà LDAP, OAuth àti SAML sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á há ìtumọ̀ wọn sórí, wọ́n á sì kọjá lọ. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, tí ìdáhùn mẹ́rin tò síwájú wọn, tí mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jọ ara wọn, ohun tí wọ́n há sórí kì í gbà wọ́n. Ìbéèrè lè tó 90, ìṣẹ́jú 90 sì ni gbogbo àkókò. Kò sí àyè láti dúró máa rántí.

Nítorí náà ni mo ṣe pinnu láti kọ́ gbogbo rẹ̀ fúnra mi, kí n sì máa mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ láti wo ibi tí yóò ti fọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa ìlànà kọ̀ọ̀kan kò ju mẹ́rin lọ: ta ló ń jẹ́rìí pé aṣàmúlò ni ẹni tó pe ara rẹ̀, ta ló gba ẹ̀rí náà gbọ́, kí ló wà nínú ẹ̀rí ọ̀hún, ọ̀nà wo ló sì gbà dé ibi tó ń lọ. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ ni mo rí i pé ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí ni àwọn tó ń gbé ìbéèrè ìdánwò kalẹ̀ ń fi pamọ́ sínú ìtàn kéékèèké tí wọ́n ń kọ.

Ohun èlò

Láptọ́ọ̀pù kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB. VirtualBox ni mo fi dá kọ̀ǹpútà mẹ́ta sínú rẹ̀, Debian ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì so wọ́n pọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú tí kò jáde síta. Mo sọ wọ́n ní kdc.lab.test, ise.lab.test àti onibaara.lab.test. A ti ya ìparí orúkọ .test sọ́tọ̀ fún irú ìdánrawò báyìí, kò lè forí gbárí pẹ̀lú orúkọ gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú fáìlì /etc/hosts lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nítorí orúkọ ni Kerberos, ìlànà ìwọlé tí mo kọ́kọ́ dán wò, fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà IP pe sáfà kò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀rí ìwọlé, tó ń wá. Wireshark wà níbẹ̀ láti máa wo ohun tó ń kọjá.

Kerberos

Inú iṣẹ́ Athena ní MIT, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ni Kerberos ti wá. Ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ tí a ń lò títí dòní jáde ní 1993 gẹ́gẹ́ bíi RFC 1510 (RFC ni àwọn ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì), RFC 4120 sì rọ́pò rẹ̀ ní 2005. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ló wà ní ìdí Active Directory, ètò ìṣàkóso àkáǹtì ti Microsoft, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olùdánwò kò fi jẹ́ kó sinmi.

Mo fi krb5-kdc àti krb5-admin-server sórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kó lè di KDC, sáfà tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, mo fi àṣẹ krb5_newrealm dá ìjọba (realm) LAB.TEST sílẹ̀, mo sì ṣí àkáǹtì aṣàmúlò kan, ayo, pẹ̀lú àmì +requires_preauth. Lẹ́yìn náà mo dá orúkọ host/ise.lab.test sílẹ̀ fún sáfà iṣẹ́, mo sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú fáìlì keytab lórí sáfà náà. Ní apá SSH, tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, mo tan GSSAPIAuthentication kó lè gba tíkẹ́ẹ̀tì Kerberos. Ó parí.

Lórí onibaara, mo tẹ kinit ayo, mo fi páásíwọ́ọ̀dù sí i, mo sì pe klist láti wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló jáde: krbtgt/LAB.TEST@LAB.TEST. Mo wá SSH lọ sí ise.lab.test. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ṣílẹ̀kùn ni. Mo tún pe klist, tíkẹ́ẹ̀tì ti di méjì, èkejì ń jẹ́ host/ise.lab.test. Gbogbo single sign-on wà nínú ìlà méjì yẹn.

Ohun tí Wireshark fi hàn ni mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fojú rí. Ní pọ́ọ̀tù 88, AS-REQ, ìbéèrè fún tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, kọ́kọ́ jáde lófìfo, KDC sì dá a padà pẹ̀lú KDC_ERR_PREAUTH_REQUIRED: fi ẹ̀rí hàn ná. AS-REQ kejì gbé aago àkókò náà lọ́wọ́, tí a fi kọ́kọ́rọ́ tó ti ara páásíwọ́ọ̀dù jáde tì. Páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò kọjá lórí wáyà rárá. AS-REP, ìdáhùn rẹ̀, gbé TGT padà, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì krbtgt tí a fi ń gba àwọn tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Nígbà tí mo pe SSH, TGS-REQ àti TGS-REP, ìbéèrè àti ìdáhùn fún tíkẹ́ẹ̀tì sáfà iṣẹ́, ló tẹ̀ lé e.

TGT yẹn dà bíi lẹ́tà tí wọ́n tì mọ́nú àpótí: ẹni tó ń gbé e kiri kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì lè tún ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kọ. KDC nìkan ló lè ṣí i, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì krbtgt. Ẹ wá ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí olè bá jí kọ́kọ́rọ́ krbtgt yẹn: yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ TGT fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. Golden ticket ni wọ́n ń pe irú TGT èké bẹ́ẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yà mí lẹ́nu. Ní gbogbo ìgbà tí SSH ń lọ, sáfà iṣẹ́ kò bá KDC sọ gbólóhùn kan. Mo yọ gbogbo ìrìn àjò tó ti ise wá kúrò láàrin ìyókù, mo wò ó dáadáa, kò sí nǹkan kan tó lọ sí pọ́ọ̀tù 88. Keytab tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ṣí tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá nínú rẹ̀ ló sì gbà gbọ́.

Ó kan aago. Gbogbo ìwé ló sọ pé ìyàtọ̀ aago kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Mo fẹ́ rí i. Mo pa NTP, ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà tún aago ṣe lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pa ìbáṣepọ̀ aago VirtualBox, mo sì ti aago ise síwájú ní ìṣẹ́jú 10. SSH kò gba tíkẹ́ẹ̀tì mọ́, ó padà sí páásíwọ́ọ̀dù, àkọsílẹ̀ sáfà sì kọ ọ́ gbangba: Clock skew too great. Ẹ kíyè sí i pé aago sáfà ni mo yí, kì í ṣe ti oníbàárà. Ètò kan wà nínú Kerberos ti MIT tó ń jẹ́ kdc_timesync, tó máa ń wo aago KDC kó sì bá oníbàárà ṣírò ìyàtọ̀ náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó bá yí aago oníbàárà nìkan lè rò pé irọ́ ni ìwé ń pa.

Ìdí aago yìí ṣe kókó. Ẹni tó bá dọ́gbọ́n gba ẹ̀rí ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè fẹ́ tún un lò lẹ́yìn wákàtí méjì. Àkókò tó wà nínú ẹ̀rí náà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ìbéèrè bá dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì dárúkọ NTP, Kerberos ni.

LDAP, ní kúkúrú

Mo fi OpenLDAP, sáfà LDAP kan, sílẹ̀, mo sì fi ldapsearch -x wọlé ní pọ́ọ̀tù 389. Páásíwọ́ọ̀dù jáde ní ìhòòhò nínú Wireshark, lẹ́tà sí lẹ́tà. Nígbà tí mo lo LDAPS, LDAP tí wọ́n fi TLS tì lójú ọ̀nà, ní pọ́ọ̀tù 636, kò sí ohun tí a lè kà mọ́. StartTLS náà bò ó, orí 389 kan náà ló sì ti ń ṣe é.

Òótọ́ ni pé ètò ìdánwò kọ LDAP sábẹ́ single sign-on, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé LDAP fúnra rẹ̀ kì í jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni níwájú ẹlòmíràn. Ìwé orúkọ ni. Bí áàpù mẹ́ta bá ń wo LDAP kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni aṣàmúlò máa kọ páásíwọ́ọ̀dù kan náà, áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì máa rí páásíwọ́ọ̀dù yẹn ní ojúkorojú. Páásíwọ́ọ̀dù kan fún ibi gbogbo yàtọ̀ sí ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan fún ibi gbogbo. Mo so ìwé orúkọ yìí mọ́ Keycloak, sáfà tó ń jẹ́rìí aṣàmúlò fún àwọn áàpù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wúlò jù.

SAML àti OpenID Connect, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Keycloak ni mo gbé ka orí ẹ̀rọ kdc, nínú àpótí Docker, pẹ̀lú start-dev. Ìdánrawò nìkan ni start-dev wà fún, kò ní TLS. Mo kọ áàpù wẹ́ẹ̀bù kéékèèké méjì pẹ̀lú Python sórí ise. Ọ̀kan ń sọ èdè SAML 2.0, tí àjọ OASIS gbé jáde ní oṣù kẹta 2005. Èkejì ń sọ OpenID Connect, tó jáde ní oṣù kejì 2014, tí wọ́n kọ́ lé orí OAuth 2.0 ti 2012, RFC 6749.

Ojú bráúsà kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Mo tẹ áàpù kìíní, ó jù mí sí ojú ewé Keycloak, mo wọlé, ó dá mi padà. Mo tẹ áàpù kejì, ó jù mí lọ, ó sì dá mi padà kí ojú mi tó ṣẹ́, láìbéèrè nǹkan kan. Kúkì Keycloak tó wà nínú bráúsà ló ṣe é. Àwọn áàpù méjèèjì kò mọ ara wọn rárá.

Fún ti SAML, mo gba SAMLResponse tó kọjá nínú bráúsà, mo tú base64 rẹ̀, mo sì rí XML gígùn kan. Ẹni tó jẹ́rìí wà nínú Issuer. Ẹni tí wọ́n jẹ́rìí fún wà nínú NameID. NotBefore àti NotOnOrAfter sọ ìgbà tí ẹ̀rí náà ń ṣiṣẹ́, AudienceRestriction sọ áàpù tí wọ́n kọ ọ́ sí, ìbuwọ́lù sì bo gbogbo rẹ̀. Mo yí lẹ́tà kan padà nínú NameID kí n tó jẹ́ kó kọjá. Áàpù kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbuwọ́lù kò bá ohun tó wà nínú ìwé mu mọ́.

ID token, ẹ̀rí ìdánimọ̀ ti OpenID Connect, kéré ju ìyẹn lọ: apá mẹ́ta tí àmì ìdánudúró pín níyà, JSON ló wà nínú méjì àkọ́kọ́, ìbuwọ́lù nínú ìkẹta. Mo rí iss (ẹni tó jẹ́rìí), sub (ẹni tí wọ́n jẹ́rìí fún), aud (áàpù tí wọ́n kọ ọ́ sí), exp (ìgbà tó máa kú), nonce (ọ̀rọ̀ àlò-ẹ̀ẹ̀kan). Ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà, aṣọ ló yàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìrísí rẹ̀ tàn yín jẹ o: JWT, bí wọ́n ṣe ń pe irú token yìí, tí a fọwọ́ sí kò tíì di JWT tí a tì pa. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè kà á. Ìbuwọ́lù kàn ń sọ fún wa pé wọn ò yí i padà ni.

Ìdánrawò tó kọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ló kàn. Mo fi nftables dí ọ̀nà láàrin ise àti Keycloak, tó jẹ́ pé sáfà áàpù kò lè kan Keycloak mọ́ ní tààrà, ṣùgbọ́n bráúsà tó wà lórí onibaara ṣì lè kan méjèèjì. Mo ti kọ gbogbo àdírẹ́sì Keycloak sínú áàpù méjèèjì tẹ́lẹ̀, ìwé-ẹ̀rí ìbuwọ́lù rẹ̀ náà sì ti wà nínú áàpù SAML, kí ó má baà jẹ́ pé wíwá nǹkan kiri ló máa ṣẹ́ wọn.

SAML ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. OpenID Connect kú.

Ìdí ni pé nínú SAML tí mo tò yìí, bráúsà ló gbé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ láti ọwọ́ Keycloak dé ọwọ́ áàpù. Áàpù kò nílò láti pe ẹnikẹ́ni, ìwé-ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́ tó láti yẹ ìbuwọ́lù wò. Nínú OpenID Connect pẹ̀lú authorization code, kóòdù kékeré kan ni bráúsà gbé wá, kì í ṣe ẹ̀rí. Áàpù gbọ́dọ̀ gbé kóòdù náà lọ bá Keycloak lẹ́yìn bráúsà, kí ó tó gba token. Ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ni mo dí. Ẹni tó bá rí èyí lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní ṣi front channel (ọ̀nà bráúsà) mú fún back channel (ọ̀nà ẹ̀yìn) láé. Yóò sì yé e ìdí tí PKCE, RFC 7636 ti 2015, fi wà: kí ẹni tó bá jí kóòdù lójú ọ̀nà má lè fi í gba nǹkan kan.

Mo tún yọ ọ̀rọ̀ openid kúrò nínú scope, àkójọ àṣẹ tí áàpù kejì ń béèrè. Access token ṣì wá, ID token kò wá mọ́. OAuth lásán ló kù. Ohun tó wà lọ́wọ́ áàpù nígbà náà jẹ́ àṣẹ láti ṣe nǹkan, kò sì sí ohunkóhun tí wọ́n kọ sí i láti fi sọ fún un ẹni tó wọlé. Àṣẹ àti ìdánimọ̀ pínyà lójú mi. Bí ìbéèrè bá sọ pé áàpù kan fẹ́ ka kàlẹ́ńdà aṣàmúlò láìgba páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, OAuth ni. Bó bá fẹ́ mọ ẹni tó wọlé, OpenID Connect ni. Bó bá dárúkọ XML, tàbí tó sọ pé òṣìṣẹ́ ń fi àkáǹtì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wọ ojú òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn, SAML ni wọ́n sábà ń wá.

Ẹ̀rí kejì

Ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ẹni tó bá jí ìwọlé yẹn ti jí ohun gbogbo. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tan single sign-on láìfi ẹ̀rí kejì ti ìdí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tan TOTP, nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ tí fóònù ń ṣírò, nínú Keycloak. Bó ṣe wà nínú RFC 6238 ti 2011 náà ló ṣe tò ó: nọ́ńbà mẹ́fà, ìṣẹ́jú-àáyá 30, HMAC-SHA-1. Àṣírí kan náà wà lọ́wọ́ fóònù àti sáfà, QR ló gbé e kọjá, aago sì ni àwọn méjèèjì fi ń ṣírò nọ́ńbà kan náà. HOTP ti RFC 4226 ń lo òǹkà dípò aago. Mo yí aago fóònù padà, nọ́ńbà kò bára mu mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé WebAuthn wọlé, ìlànà ìwọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ méjì tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2019. Kò sí àṣírí àjọní níbí: kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ aṣàmúlò, ti gbangba nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ sáfà. Mo forúkọ passkey, irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, sílẹ̀ lórí localhost (orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀), nítorí bráúsà gbà á láyè láìsí TLS. Mo wá gbé ojú ewé ìwọlé kan náà sí abẹ́ orúkọ mìíràn, bí ẹlẹ́tàn ṣe máa ń ṣe. TOTP gbà: mo fọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà mẹ́fà sínú ojú ewé èké. Passkey kọ̀, bráúsà kò tiẹ̀ fi lọ̀ mí, nítorí orúkọ ojú òpó wà nínú ìdè kọ́kọ́rọ́ náà. Gbólóhùn phishing-resistant (èyí tí ojú ewé èké kò lè tàn) nínú ìbéèrè ń tọ́ka sí ìyàtọ̀ yìí gan-an.

Fún ìdánwò, ẹ rántí pé páásíwọ́ọ̀dù àti PIN jẹ́ ẹ̀rí kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a mọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ohun tí a ní lọ́wọ́, ohun tí ara wa jẹ́ àti ibi tí a wà ni àwọn ìyókù tí SY0-701 kà.

RADIUS àti TACACS+

Mi ò pẹ́ níbí. Ìlànà méjì tí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń bi sáfà kan léèrè bóyá kí ẹnì kan wọlé ni wọ́n. FreeRADIUS àti àṣẹ radtest tó: nínú Wireshark, orúkọ aṣàmúlò hàn kedere, páásíwọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n bò. UDP 1812 fún ìwọlé, 1813 fún àkọsílẹ̀. TACACS+ ń gba TCP 49, ó ń bo gbogbo ara ọ̀rọ̀, ó sì ya ìdánimọ̀, àṣẹ àti àkọsílẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ẹni tó ń ṣàkóso rọ́tà àti àṣẹ tó lè tẹ̀ lórí rẹ̀, TACACS+ ni. Bó bá jẹ́ ti wíwọ Wi-Fi ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú 802.1X, ìlànà tó ń yẹ ẹni tó fẹ́ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, RADIUS ni.

Pípa àkáǹtì

Ìdánrawò tó kẹ́yìn: òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ìwọlé tó ti ní? Mo pa àkáǹtì ayo nínú Keycloak nígbà tí áàpù méjèèjì ṣì wà ní ṣíṣí.

Kò sí ìwọlé tuntun mọ́, bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n áàpù SAML ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí kúkì tirẹ̀ ló ń wò, kò sì padà bi Keycloak léèrè. Áàpù OpenID Connect ń ṣiṣẹ́ títí access token fi kú, èyí tí Keycloak fún ní ìṣẹ́jú 5 bí a kò bá yí i padà. Nígbà tó fẹ́ gba tuntun ni wọ́n kọ̀ fún un. Lórí Kerberos, mo fi modprinc -allow_tix ti ayo mọ́, kinit kò gbà fún un mọ́, síbẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì SSH tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣílẹ̀kùn títí àkókò rẹ̀ fi pé.

Mo ti gé ọjọ́ ayé kúkì áàpù SAML kúrú, mo sì ti kọ ìtẹ̀léra iṣẹ́ náà sínú fáìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àṣẹ tó kù: pa àkáǹtì, lẹ́yìn náà fòpin sí gbogbo session (ìwọlé tó ṣì wà láàyè) rẹ̀ láti ojú ewé alákòóso Keycloak, lẹ́yìn náà wọ sáfà kọ̀ọ̀kan kí o pa SSH tó ṣì wà ní ṣíṣí. Ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta ni àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà máa ń fò.